Ohun Tó Wà Lápá Òsì Kọ́mú Màámi

Màámi mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ o. Mo mọ̀ pé bí ẹ bá wà níbí, ẹ ó ti tẹjú mọ́ orúnkún mi láti mọ̀ bóyá ó kanlẹ̀ lóòótọ́, torí ẹ kì í gba ìkúnlẹ̀ agbedeméjì lọ́wọ́ ọmọ kankan. Ó kanlẹ̀. Orí kápẹ́ẹ̀tì ni, nínú pálọ̀ mi ní Gascoigne nílùú òyìnbó níbí, mo sì ti padà jókòó sórí àga báyìí torí pé orúnkún ọ̀hún ò kéré mọ́.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ wúwo díẹ̀, mi ò sì rí ẹlòmíràn tí mo lè kọ́kọ́ kọ ọ́ sí. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n gé ọmú mi ọ̀tún. Jẹjẹrẹ ni. Ó dáa, mo ti kọ ọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí mo máa fi Yorùbá kọ ọ́, ó sì rí bákan lójú mi, torí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń sọ ọ́ fún mi látìgbà yìí wá, nínú àwọn yàrá kéékèèké tí páálí tíṣù máa ń wà lórí tábìlì.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Níbi iṣẹ́ mi ní River Road, níbi tí a ti ń di oúnjẹ dídì sínú páálí, mo ní iṣẹ́ abẹ kékeré kan ni, ti obìnrin. Ọkùnrin ni ọ̀gá wa, bó ṣe gbọ́ "ti obìnrin" báyìí, kò béèrè nǹkan mìíràn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ní mo fẹ́ lọ sinmi. Dámi, ọmọ-ọmọ yín, wà ní yunifásítì ní Manchester; mo sọ fún un pé àwa obìnrin ìjọ ń lọ sí àgọ́ àdúrà, pé fóònù mi lè má máa wọlé dáadáa níbẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti ní ilé tirẹ̀ lọ́tọ̀ tipẹ́, ẹ mọ ìyẹn kí ẹ tó lọ.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí n máa lọ sílé, nọ́ọ̀sì kan tó ní sùúrù bi mí ta ló ń bọ̀ wá mú mi. Mo ní àbúrò mi wà nísàlẹ̀ nínú ọkọ̀, pé kò ríbi páàkì sí ni. Àbúrò wo? Èmi nìkan ni ẹ bí. Mo gbé báàgì mi, mo fi ọwọ́ kejì di ike kékeré tó ń gba omi ẹ̀jẹ̀ mú lábẹ́ kóòtù, mo lọ wọ takisí. Awakọ̀ náà rí i bí mo ṣe ń wọ ọkọ̀ bí ẹni tó gbé ẹyin dání. Kò bi mí ní nǹkan kan, ó kàn rọra wakọ̀ títí a fi dé iwájú ilé, ó sì bá mi gbé báàgì dé ẹnu ìlẹ̀kùn. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀, àmọ́ mo máa ń fi í sínú àdúrà.

Ẹ̀ bá rí mi nínú ilé yìí láwọn ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ilé tuntun ni ìjọba ìbílẹ̀ fún mi nígbà tí wọ́n fẹ́ wó èyí tí ẹ ti wá bá mi gbé. Ó mọ́, ó gbóná, àmọ́ kò sẹ́ni tí mo mọ̀ lójúlé kankan. Láti fèrèsé ìdáná, mo máa ń wo ibi tí wọ́n ti ń wó àwọn ilé gíga àtijọ́ tó kù. Wọ́n gé ọ̀kan sí méjì, gbogbo yàrá inú rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ sójú títì: báàlùwẹ̀ ẹnì kan, tó lẹ táìlì aláwọ̀ ewé mọ́ ògiri, wà lókè lọ́hùn-ún, gbogbo ayé ń wò ó. Mo máa ń dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ife tíì mi títí tíì náà á fi tutù. Àánú ẹni tó ni báàlùwẹ̀ yẹn máa ń ṣe mí.

Nígbà tí ojú egbò jinná, wọ́n fún mi ní nǹkan rírọ̀ kan tí mo máa fi sínú kọ́mú, kí apá méjèèjì lè dọ́gba lábẹ́ aṣọ. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí tíì tí wọ́n da mílíìkì jù sí. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n ní èyí tó dúdú, wọ́n ní àwọn á wá a. Ó fúyẹ́ jù, Màámi, kò ṣe bí ọmú rárá. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, a dojúbolẹ̀ nínú ìsìn, iwájú orí gbogbo wa wà lórí kápẹ́ẹ̀tì, mo sì mọ̀ pé nǹkan náà ń gòkè. Nígbà tí a dìde, ó ti wà lábẹ́ ọrùn mi. Sùtánà mi fẹ̀, bóyá kò sẹ́ni tó rí i. Mo ṣe bí ẹni ń wúkọ́, mo di àyà mú, mo jáde lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ láìwọ bàtà, mo sì jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi ṣe oore-ọ̀fẹ́. Ọjọ́ náà ni mo pinnu pé mi ò ní máa bá a lọ báyìí. Mo fẹ́ kí wọ́n ṣe òmíràn fún mi, èyí tí yóò wà lára mi, tí mi ò ní máa wá kiri nínú aṣọ.

Ibi tí mo ti máa ṣe é ló wá dọ̀rọ̀.

Ọsibítù ìjọba ni mo kọ́kọ́ lọ, níbi tí wọ́n ti gé ọmú mi. Obìnrin ni dókítà tó rí mi. Ó ní àwọn lè bu ẹran àti ọ̀rá láti ikùn mi, kí wọ́n fi ṣe ọmú, pé ara mi ni yóò jẹ́, á máa gbóná, á máa sanra bí mo bá sanra. Màámi, ikùn tí ẹ fi omi gbígbóná tẹ̀ títí lẹ́yìn tí mo bí Dámi, tí ẹ ní ó gbọ́dọ̀ padà sẹ́yìn, tí kò padà rárá! Dókítà fọwọ́ kàn án, ó ní ó pọ̀ tó. Ó kù díẹ̀ kí n bú sẹ́rìn-ín níwájú rẹ̀. Ẹ ò rí i pé ó nídìí tí kò fi padà?

Àmọ́ ó máa pẹ́. Àwọn tí àìsàn náà ṣì wà lára wọn ló ní láti kọ́kọ́ wọlé, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Àwa tí wọ́n ti gé tiwa tán, a ó máa dúró. Ó lè ju ọdún kan lọ, wọ́n sì lè sún ọjọ́ síwájú nígbà tó bá kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́. Iṣẹ́ abẹ ńlá sì ni. Fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, mi ò ní lè nàró dáadáa, mi ò ní lè gbé kẹ́tùlù, ẹnì kan ní láti máa gbé mi dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Nọ́ọ̀sì tí wọ́n yàn fún mi wá bi mí tún ìbéèrè yẹn: ta ló máa wà pẹ̀lú yín nílé? Mo ní màá ronú sí i.

Wọ́n tún bi mí nípa ìdílé mi. Ṣé ẹnikẹ́ni ti ní irú rẹ̀ rí, ìyá, ìyá àgbà, àbúrò ìyá? Mo ní rárá. Kí ló pa ìyá yín? Mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Kò ká mi lára, torí ohun tí wọ́n sọ fún mi nígbà tí ẹ kú ni mo sọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo lọ sí ọsibítù aládàáni kan, lọ́nà Essex. Kí n má purọ́, ibẹ̀ dùn mọ́ mi nínú. Àga tìmùtìmù, kọfí nínú ife seramíìkì, òdòdó gidi. Dókítà náà sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ó ní rọ́bà rírọ̀ kan lòun máa fi sábẹ́ awọ, kò ní kan ikùn mi rárá, mo sì lè mú ọjọ́ láàárín oṣù tó ń bọ̀. Ó fi àwọn àwòrán hàn mí, obìnrin dúdú wà nínú wọn. Ó béèrè bóyá àpá máa ń wú lára mi. Kò sẹ́ni tó ti bi mí bẹ́ẹ̀ rí, ó sì dùn mọ́ mi. Òun náà béèrè nípa ìdílé, mo tún ní rárá.

Ṣùgbọ́n ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ohun tí akọ̀wé wọn sọ fún mi nígbà tí mò ń jáde. Ó ní bí mi ò bá ní ẹnikẹ́ni nílé, kò sí wàhálà: mo lè fi ọjọ́ díẹ̀ kún un níbẹ̀, ọkọ̀ wọn á gbé mi délé, olùtọ́jú kan á sì máa wá, á wọ aṣọ lásán, àwọn ará àdúgbò ò ní mọ ohun tó wá ṣe. Mo jáde síta, mo dúró síbi tí bọ́ọ̀sì ti ń dúró, ọkàn mi sì balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà pípẹ́. Owó tí mo ti ń fi pa mọ́ láti fi kan òrùlé ilé tí mò ń kọ́ ní Ìjẹ̀bú-Igbó máa gbé e. Ilé á dúró. Mo ti mú ọjọ́ lọ́kàn mi. Ó kù kí n sanwó kí wọ́n lè fi ọjọ́ náà pa mọ́ fún mi.

Wọ́n ní kí n mú aṣọ tó ṣí níwájú wá, èyí tí mi ò ní bọ́ gba orí. Mi ò ní irú ẹ̀. Mo wá rántí àpótí yín. Láti ìgbà tí mo ti gbé e bọ̀ láti ibi ìsìnkú yín, inú kọ́bọ́ọ̀dù ló wà, ó sì bá mi kó láti ilé àtijọ́ wá sí ilé tuntun láìjẹ́ pé mo tú u débi ìsàlẹ̀. Òórùn rẹ̀ ni mo máa ń sá fún. Mo rántí pé aṣọ ilé yín aláwọ̀ ojú ọ̀run, tó ní bọ́tìnnì níwájú, wà nínú ẹ̀. Mo rí i. Kọ́mú yín kan wà lábẹ́ rẹ̀.

Mo gbé e sókè, apá kan sì wúwo. Apá òsì.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rántí yín létí báńkì yín. Gbogbo àwa ọmọ ilé la mọ̀ ọ́n. Bí a bá fẹ́ owó súwẹ́ẹ̀tì, a ó ní kí Màámi ṣí báńkì, ẹ ó ki ọwọ́ sínú bùbá, sí apá ọ̀tún, ẹ ó yọ hánkáṣíìfù jáde, ẹ ó tú kókó rẹ̀ pẹ̀lú eyín. Owó náà á gbóná lọ́wọ́ wa. Nígbà tí mo wà ní pólì, ẹ ní ẹ ń lọ sí ìpàdé àwọn obìnrin ìjọ ní Ìbàdàn, ẹ sì pẹ́ níbẹ̀ gan-an. Nígbà tí mo wálé fún ìsinmi, ẹ ti rù, ẹ ní ààwẹ̀ ni. Ẹ wá fẹ́ fún mi lówó ọkọ̀, ẹ sì ki ọwọ́ sí apá òsì. Mo fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní ṣé báńkì ti kó ni. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní, "Ó ti kó lọ sódìkejì títì. Ibẹ̀ láyè jù." Mo rẹ́rìn-ín títí. Mo lọ sọ ọ́ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ilé-ìwé.

Màámi, ibẹ̀ láyè jù.

Ẹ rán aṣọ bí àpò kékeré mọ́ inú kọ́mú náà. Mo mọ aṣọ yẹn: yunifọ́ọ̀mù girama mi ni, èyí tó ní ìlà funfun àti búlúù. Gèlè kékeré kan tí ẹ ká wà nínú rẹ̀, àárín gèlè náà sì ni yanrìn, tí ẹ di sínú láílọ́ọ̀nù, tí ẹ so lẹ́nu dáadáa. Kí ó lè wúwo ni. Kí ó má baà máa gòkè. Ta ló kọ́ yín? Ẹ̀yin nìkan lẹ jókòó tí ẹ ń wọn yanrìn sí ọwọ́ kan, tí ẹ ń fi ọwọ́ kejì wọn ọmú tó kù?

Mo pe Àǹtí Rónkẹ́ lórí fóònù. Àbúrò yín kan ṣoṣo tó kù, ẹ mọ̀ pé kì í dákẹ́. Mo ní mo rí kọ́mú Màámi. Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní:

"Ta ló ní kó o tú àpótí yẹn?"

Mo ní kò sẹ́ni kankan.

"Ìyá ẹ ló ní ká má sọ. Ó ní ìwọ nìkan lo wà nílùú òyìnbó, ó ní àyà ẹ á já. Ó ní bí òun bá ti lọ, ká ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Mo búra fún un, ṣé o gbọ́? Mo di Bíbélì mú."

Mo bi í nípa Ìbàdàn. Ó ní òun ló mú yín lọ, àmọ́ wọ́n ń dúró de òun níbi iṣẹ́, òun sì padà sílé lọ́jọ́ kejì. Mo bi í ta ló wá wà pẹ̀lú yín. Ó ní Ọlọ́run. Mo wá béèrè nípa ìyá àgbà, ìyá tó bí yín. Ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Àwọn yẹn náà ní egbò kan ní àyà tí kò jinná. Wọ́n ní ayé ló ṣe wọ́n. Jọ̀ọ́, má bi mí mọ́."

Inú bí mi sí yín. Mo sọ ọ́ bó ṣe rí, ẹ má bínú. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú kọ́mú yín lórí itan mi, mo sì ń bá yín jà bí ẹni tí ẹ wà níwájú rẹ̀. Mo ní àwọn dókítà bi mí lẹ́ẹ̀mejì, mo sì purọ́ fún wọn láìmọ̀, torí ẹ̀yin lẹ fi irọ́ náà sí mi lẹ́nu. Ẹ wá bá mi nílé nígbà tí mo bí Dámi! Ẹ bá mi gbé fún oṣù mélòó kan! Ẹ máa ń wẹ̀ kí n tó jí, kọ́mú kì í kúrò lára yín pàápàá lórí bẹ́ẹ̀dì, mo sì rò pé ará Ìjẹ̀bú tó fẹ́ràn ìmọ́tótó ni yín. Bí ẹ bá wẹ Dámi tán, apá ọ̀tún nìkan lẹ máa ń gbé e sí. Bó bá yí orí sí òsì, ẹ ó rọra dá a padà. Nígbà tí kò sì mọ bí wọ́n ti ń mu ọmú, ọwọ́ yín lẹ fi gbé ọmú mi sí i lẹ́nu, tí ẹ ń kọrin fún un. Ọmú ọ̀tún yìí gan-an ni. Kí lẹ ń rò lọ́kàn lọ́jọ́ náà, Màámi?

Mo bá yín jà títí ó fi rẹ̀ mí. Ìgbà náà ni mo rántí àgọ́ àdúrà tí mo ní mo lọ. Ẹ̀yin, ìpàdé obìnrin ìjọ. Èmi, àgọ́ àdúrà. Kò tilẹ̀ sí ìyàtọ̀. A ò jọ sọ ọ́, kò sẹ́ni tó kọ́ mi, síbẹ̀ irọ́ yín gan-an ni mo pa fún ọmọ mi.

Mo wá mọ ìdí tí ọsibítù aládàáni yẹn fi wù mí tó bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe torí pé ó yá, kì í sì í ṣe torí kọfí. Ibẹ̀ nìkan ni mo ti lè ṣe é kí n sì máa bá irọ́ mi lọ. Ó dára fún ẹlòmíràn, mi ò ní bú wọn. Obìnrin kan níbi iṣẹ́ wa ṣe tirẹ̀ níbẹ̀, ó sì yọ̀. Àmọ́ èmi, màá ti gba ọmú tuntun, màá sì ti padà sínú ilé yìí láìsí ẹnì kan tó mọ̀, bí ìyá mi ṣe padà láti Ìbàdàn. Dámi á sì máa rìn kiri ní Manchester pẹ̀lú ohun tó ṣeé ṣe kó ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá bi òun náà lọ́jọ́ kan, á ní rárá.

Mo pè é. Ó wà níbi tí ariwo wà. Mo ní, "Dámi, Mummy ò lọ sí àgọ́ àdúrà kankan lọ́dún tó kọjá o."

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo gbọ́ bó ṣe ń jáde kúrò nínú ariwo náà. Lẹ́yìn náà ó ní, "Mummy, you did all of that on your own? Ah-ah. Stay there, I'm coming. Ẹ jọ̀ọ́, don't go anywhere."

Níbo ni mo fẹ́ lọ?

Ó dé lọ́jọ́ kejì, pẹ̀lú báàgì tó kún fún aṣọ ìdọ̀tí, bí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́. Kò tíì bọ́ kóòtù tó fi ní, "Show me." Ojú tì mí, Màámi. Ọmọ tí mo bí, ojú rẹ̀ tì mí. Àmọ́ mo ṣí i. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, kò sunkún, kò ṣe ojú àánú. Ó kàn sún mọ́ mi, ó gbé orí rẹ̀ lé e, ní apá ibi tí kò sí nǹkan, ó sì wà níbẹ̀. Orí rẹ̀ ti wúwo, kì í ṣe orí ọmọ ọwọ́ mọ́. Ẹkún tí mi ò sun látọdún tó kọjá, ìgbà náà ni mo sun ún.

A jọ padà lọ sí ọsibítù ìjọba. Nọ́ọ̀sì alásùúrù yẹn ló wà níbẹ̀. Mo sọ fún un pé mo fẹ́ tún ohun kan sọ, pé mo ní rárá nígbà tí wọ́n bi mí nípa ìdílé, pé bẹ́ẹ̀ ni ló yẹ kó jẹ́. Ó bi mí ta ni. Mo ní, "Ìyá mi. Àti ìyá tó bí wọn, mo rò." Mo sì dárúkọ yín, orúkọ yín gan-an, tí mi ò tíì fi ẹnu ara mi pè rí nígbà ayé yín. Ẹ forí jì mí.

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi láti mọ̀ bóyá ohun náà ń ti ìdílé wá. Dókítà obìnrin yẹn ní ó dára tí a kò tíì ṣe nǹkan kan, torí bí èsì bá rí bákan, ó lè jẹ́ pé wọ́n á gé ti òsì náà, kí wọ́n sì ṣe méjèèjì pa pọ̀. Àti pé lẹ́yìn tèmi, wọ́n á mọ ohun tí wọ́n máa ṣe fún Dámi. A ṣì ń retí èsì náà. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò ní parọ́ fún yín mọ́. Mo pe àwọn ará ọsibítù aládàáni, mo ní kí wọ́n má fi ọjọ́ náà pa mọ́ fún mi. Orúkọ mi ti wà láàárín àwọn tó ń dúró báyìí. Ó máa pẹ́.

Nọ́ọ̀sì tún béèrè ìbéèrè rẹ̀. Mi ò tíì la ẹnu tí Dámi fi dáhùn. "It's me," ó ní. "I'm the daughter. I'll be there."

Ó ti padà sí Manchester láàárọ̀ yìí, ilé sì ti dákẹ́ bó ṣe máa ń dákẹ́. Mo gbé abọ́ méjì sílẹ̀ fún oúnjẹ kí n tó rántí. Kí ó tó lọ, ó tú àpò yunifọ́ọ̀mù yẹn kúrò lára kọ́mú yín, ó sì rán an mọ́ tèmi, sí apá ọ̀tún. Ó wo bí wọ́n ti ń ránṣọ lórí fóònù rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, ìrán náà sì burú, ẹ̀ bá tú u kí ẹ ní kó tún un rán. Mo wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi. A dojúbolẹ̀. Mo fi iwájú orí mi kanlẹ̀, mo sì dúró kí ó gòkè. Kò kúrò lójú kan. Yanrìn yín ṣì wúwo, Màámi.

Ohun kan ló kù tí mo fẹ́ bi yín, mo sì mọ̀ pé ẹ ò ní dá mi lóhùn. Ní Ìbàdàn, lọ́jọ́ tó tó àkókò láti tú báńdéèjì kúrò láyà yín, ta ló tú u? Ṣé ẹ ní ẹnì kan tí ẹ lè di ọwọ́ rẹ̀ mú? Àbí ẹ̀yin fúnra yín lẹ tú u, tí ẹ wo ibẹ̀, tí ẹ sì wọṣọ padà?

Tèmi tó ń bọ̀, ọmọ tí ẹ máa ń gbé sí apá ọ̀tún ni yóò bá mi tú u.

Ẹ máa sinmi níbi tí ẹ wà, Màámi. Ẹ bọ́ kọ́mú sílẹ̀ níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń wò yín mọ́.

Èmi ni,
ọmọ kan ṣoṣo tí ẹ bí, tí ẹ máa ń ṣí báńkì fún.